Bí A Ṣe Ń Ka Ìlà Tó Ń Yí Padà Nínú Yijing

Ní ọdún 530 ṣáájú ìbí Kristi, ní ìlú Lu ní ilẹ̀ Ṣáínà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nan Kuai dá Yijing, ìwé àtijọ́ tí àwọn ará Ṣáínà fi ń wádìí ohun tó ń bọ̀, lórí ọ̀ràn kan tí kò fẹ́ dárúkọ. Ìdílé Ji, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé alágbára ìlú náà, ti fi í ṣe alábòójútó ìlú olódi wọn, òun sì ti ń gbìmọ̀ láti ṣọ̀tẹ̀ sí wọn. Ìlà kan ṣoṣo ló yí padà nínú àmì tó jáde, ọ̀rọ̀ tó sì wà lábẹ́ ìlà náà kò ju èyí lọ: "Ìró aláwọ̀ ìyeyè: ire ńlá." Inú Nan Kuai dùn gan-an. Ó fi í han Zifu Huibo, ìjòyè kan ní Lu, ó ní òun fẹ́ ṣe nǹkan kan, báwo ni yóò ti rí? Huibo dá a lóhùn pé bí ọ̀ràn náà bá jẹ́ ti òótọ́ inú àti ìdúróṣinṣin, yóò rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò forí ṣánpọ́n. Ó fi kún un pé a kì í fi Yijing wádìí ohun eléwu. Ọ̀tẹ̀ náà bàjẹ́, Nan Kuai sì sá lọ sí ìlú Qi.

Mo fi ìtàn yìí, tó wà nínú ìwé ìtàn àtijọ́ tí a ń pè ní Zuozhuan, ṣáájú nítorí pé iṣẹ́ mẹ́ta tó wà nídìí kíka ìlà tó ń yí padà ló hàn nínú rẹ̀: kí a mọ ìlà tó yí, kí a mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a kà, kí a sì mọ irú ẹni tó ń béèrè. Nan Kuai ṣe méjì àkọ́kọ́ dáadáa. Lónìí, èkejì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ojú wọn bá tó ni wọ́n máa ń kà, wọ́n á wá fi èyí tó bá wù wọ́n ṣe ìdáhùn.

Àmì tí à ń sọ jẹ́ ìlà mẹ́fà tí a tò léra, tí a sì ń kà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ìgbà tí ènìyàn bá ń mọ ògiri. Ìlà kan lè jẹ́ odidi, èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní yang, tàbí kí ó jẹ́ alápá méjì, èyí tí wọ́n ń pè ní yin. Àmì 64 ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní nọ́ńbà, orúkọ, ọ̀rọ̀ kan tó kan àmì náà lápapọ̀, àti ọ̀rọ̀ mẹ́fà mìíràn, ọ̀kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kan àpapọ̀ ni mo máa pè ní ọ̀rọ̀ àmì, èyí tó kan ìlà kan ṣoṣo ni mo máa pè ní ọ̀rọ̀ ìlà. Ọ̀rọ̀ ìlà jẹ́ 384, àfikún méjì sì wà fún àmì 1 àti àmì 2, tí a óò dé ọ̀dọ̀ wọn láìpẹ́.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa Ifá á ti máa ronú kan odù 256 àti ẹsẹ wọn. Ìjọra náà wà lóòótọ́, torí pé oríṣi àmì méjì péré ni ètò méjèèjì fi ń kọ ohun tó bá jáde. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti yapa gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà: odù tí babaláwo bá tẹ̀ sórí ọpọ́n kì í sọ ara rẹ̀ di odù mìíràn, nígbà tí àmì Yijing lè gbé àmì kejì sínú, kí ó sì bí i lójú ẹni tó ń dá a.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀

Ẹ mú owó onírin mẹ́ta tí wọ́n jọra. Kí ẹ tó jù wọ́n, ẹ pinnu ojú tí yóò jẹ́ 3 àti ojú tí yóò jẹ́ 2. Àwọn olùkọ́ kò fẹnu kò lórí ojú tó yẹ kó jẹ́ 3, nítorí náà ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ má ṣe yí ìpinnu yín padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí ohun tó jáde. Ẹ ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ìjùsílẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tó kẹ́yìn ni ìlà òkè.

Àpapọ̀ ìjùsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ 6, 7, 8 tàbí 9. Ìlà odidi tó dúró ni 7, a ń pè é ní yang ọ̀dọ́. Ìlà alápá méjì tó dúró ni 8, òun ni yin ọ̀dọ́. Yang àgbà ni 9, yin àgbà sì ni 6, àwọn méjì wọ̀nyí ló ń yí padà: 9 á di yin, 6 á di yang. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ohun tó bá ti kún dé etí kò níbi tó tún lè gbà mọ́ ju kí ó yí sí òdìkejì ara rẹ̀, bí òṣùpá tó ti mọ́lẹ̀ tán ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Àṣà àtijọ́ ni pé kí a fi òbìrí kékeré sàmì sí 9, kí a sì fi àgbélébùú bí ti lẹ́tà X sàmì sí 6, kí ojú má baà ṣì wọ́n.

Àwọn kan kì í lo owó, ọ̀pá ewéko yarrow 50 ni wọ́n ń lò, wọ́n á yọ ọ̀kan sọ́tọ̀, wọ́n á sì pín 49 tó kù, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ìṣirò ọ̀nà méjèèjì kò dọ́gba. Nínú ti owó, 6 àti 9 ní àǹfààní kan náà, ìgbà 1 nínú 8. Nínú ti ọ̀pá, 9 máa ń jáde ní ìgbà 3 nínú 16, ṣùgbọ́n 6 kì í jáde ju ìgbà 1 nínú 16 lọ. Nítorí náà, yin tó bá yí padà lọ́wọ́ ẹni tó ń lo ọ̀pá jẹ́ ohun tó ṣọ̀wọ́n, ó sì tọ́ kí a dúró lé e lórí díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya àmì méjèèjì

Ẹ ya àmì àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti jáde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ya èkejì: gbogbo 7 àti 8 á wà bí wọ́n ṣe wà, gbogbo 9 á di alápá méjì, gbogbo 6 á di odidi. Bí kò bá sí 6 tàbí 9 rárá, kò sí àmì kejì, ọ̀rọ̀ àmì àkọ́kọ́ nìkan ni ìdáhùn yín.

Nígbà tí ẹ bá ṣí ìwé, ẹ ó rí i pé orúkọ ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú, bíi "mẹ́fà ní ipò karùn-ún" tàbí "mẹ́sàn-án ní ipò kejì". Kò sí ibì kankan tí ìwé ti kọ "méje" tàbí "mẹ́jọ" sí orúkọ ìlà. Ìwé fúnra rẹ̀ ń sọ fún yín pé ìlà tó ń yí padà ni ọ̀rọ̀ ìlà wà fún, kì í ṣe èyí tó dúró. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ gbogbo ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti òkè dé ilẹ̀ ti ń ka ìwé, kò tíì máa ka ìdáhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka iye ìlà tó yí, kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ kankan

Ibí yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Zhu Xi, ọ̀mọ̀wé tó gbé ayé láàárín ọdún 1130 sí 1200, ló to òfin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ lé títí dòní sínú ìwé kan ní ọdún 1186. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún ni pé iye ìlà tó yí ni kí ó pinnu ibi tí a óò kà, kí ìfẹ́ inú ẹni tó ń kà má baà pinnu rẹ̀.

Bí ìlà kan bá yí, ọ̀rọ̀ ìlà yẹn nínú àmì àkọ́kọ́ ni ìdáhùn. Èyí ni ti Nan Kuai: àmì 2, Kun, tó jẹ́ alápá méjì láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ló jáde fún un, ìlà karùn-ún rẹ̀ sì yí, ó sọ àmì náà di àmì 8, Bi. Òun ló ṣe jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìró aláwọ̀ ìyeyè nìkan ni òun àti Huibo jiyàn lé lórí. Àlàyé Huibo tún kọ́ wa bí a ṣe ń wo àwòrán inú ọ̀rọ̀: ó ní ìyeyè ni àwọ̀ àárín gbùngbùn, ìró sì ni ọ̀ṣọ́ ìsàlẹ̀ ara. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sí láàárín, tí kò sì mọ ipò ìsàlẹ̀ tó wà, kò lè ní òun wọ aṣọ yẹn. Ire náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ní ẹni tí wọ́n rán an fún.

Bí ìlà méjì bá yí, ẹ ka ọ̀rọ̀ ìlà méjèèjì nínú àmì àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi èyí tó wà lókè ṣe olórí. Zhu Xi fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kò rí èyí nínú ìwé àtijọ́, pé àfiwé ni òun fi dé ibẹ̀. Ìjẹ́wọ́ yẹn wù mí, ó sì yẹ kó mú kí a má ṣe fi òfin náà ṣe pàṣán.

Bí mẹ́ta bá yí, ìdajì ti lọ, ìdajì ló kù, kò sì sí ìlà tó lè nìkan sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ àmì àkọ́kọ́ àti ọ̀rọ̀ àmì kejì ni kí ẹ kà pọ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nínú ìtàn Chong'er, ọmọ ọba ìlú Jin tó wà nígbèkùn fún ọdún 19. Nígbà tó ń wádìí bóyá òun á padà jẹ ọba, àmì 3, Zhun, jáde fún un, ìlà kìíní, ìkẹrin àti ìkarùn-ún rẹ̀ sì yí, ó di àmì 16, Yu. Àwọn akọ̀wé tó ń dá a fún un ní kò dára, pé ọ̀nà dí. Sikong Jizi, ọ̀kan nínú àwọn tó bá a lọ sí ìgbèkùn, ní ó dára, ó sì tọ́ka sí i pé nínú ọ̀rọ̀ àmì méjèèjì ni gbólóhùn kan náà wà: "ó dára láti fi olóyè jẹ." Ní ọdún 636 ṣáájú ìbí Kristi, Chong'er gun orí ìtẹ́ Jin. Nítorí náà, tí mẹ́ta bá yí, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí àmì méjèèjì jọ sọ. Bí kò bá sí, ẹ fi àkọ́kọ́ ṣe ibi tí ọ̀ràn wà nísinsìnyí, kí ẹ fi èkejì ṣe ibi tó ń lọ.

Bí mẹ́rin bá yí, ẹ lọ sínú àmì kejì, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ ìlà méjì tí kò yí, kí ẹ fi ti ìsàlẹ̀ ṣe olórí. Bí márùn-ún bá yí, ìlà kan ṣoṣo tí kò yí, nínú àmì kejì, ni kí ẹ kà. Ọ̀rọ̀ ìyá ọba kan ní Lu, Mu Jiang, bọ́ sí abẹ́ èyí. Nígbà tí wọ́n fi í sínú Ààfin Ìlà Oòrùn nítorí ìdìtẹ̀ tó lọ́wọ́ sí, àmì 52 tó di àmì 17, Sui, ló jáde. Ìlà kejì nìkan ni kò yí. Akọ̀wé ní Sui túmọ̀ sí jíjáde, pé kábíyèsí obìnrin á tètè jáde. Mu Jiang kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ rere tó wà lórí Sui jẹ́ ti ẹni tó ní ìwà rere mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ náà dárúkọ, òun kò sì ní ọ̀kankan nínú wọn, òun á kú síbẹ̀ ni. Ó kú síbẹ̀ ní ọdún 564 ṣáájú ìbí Kristi. Zhu Xi bá akọ̀wé náà wí lẹ́yìn ọdún tó ju 1,700 lọ: ó ní ìlà kejì Sui ló yẹ kí ó kà, èyí tó sọ pé ẹni náà so mọ́ ọmọdé, ó sì pàdánù àgbàlagbà. Akọ̀wé ti sá fún ọ̀rọ̀ tó le, ó lọ mú èyí tó dùn.

Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá yí, ọ̀rọ̀ àmì kejì ni kí ẹ kà, àyàfi tí àmì àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1 tàbí 2, torí pé àwọn ló ní ọ̀rọ̀ àfikún tí mo sọ lókè. Ti àmì 1 ní agbo dírágónì yọ láìní orí, ire ni. Ti àmì 2 ní ó dára láti dúró ṣinṣin títí.

Kí ẹ má baà kó gbogbo òfin yìí sórí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń jáde pẹ̀lú owó onírin. Bí a bá dá a ní ìgbà 4,096, ní ìpíndọ́gba, 729 kò ní ìyípadà, 1,458 ní ẹyọ kan, 1,215 ní méjì, 540 ní mẹ́ta, 135 ní mẹ́rin, 18 ní márùn-ún, ẹyọ kan péré ló sì ní mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹni tó bá mọ òfin ìlà kan àti ti ìlà méjì dáadáa ti ní ohun tó pọ̀ jù lọ nínú ohun tí yóò bá pàdé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wọn ọ̀rọ̀ ìlà náà

Nígbà tí ẹ bá ti mọ ìlà tí ẹ óò kà, ẹ wo ipò rẹ̀ kí ẹ tó wo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn àlàyé àtijọ́ tó wà lẹ́yìn Yijing sọ pé ìlà kejì ní ìyìn púpọ̀, ìkẹta ní ibi púpọ̀, ìkẹrin ní ìbẹ̀rù púpọ̀, ìkarùn-ún ní àṣeyọrí púpọ̀. Ìdí rẹ̀ kò le: ìlà mẹ́ta ìsàlẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ kan, mẹ́ta òkè jẹ́ ẹgbẹ́ kejì, ìkejì àti ìkarùn-ún sì ni àárín ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìkarùn-ún ni ìjókòó ọba. Ìkẹrin ni ìjòyè tó sún mọ́ ọba débi tí kò lè sùn dáadáa. Ìkẹta ni ẹni tó dúró sí etí bèbè. Ìlà kìíní ni ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀ràn kò tíì hàn síta, ìkẹfà sì ni ibi tí ọ̀ràn ti kọjá ààlà rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìlà kẹta bá le, kì í ṣe pé orí yín burú. Ibi tí ẹ dúró sí ló le.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya àwòrán inú ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdájọ́ rẹ̀. Àwòrán ni ìró, kànga, àgbò tó fi ìwo kọ́ ọgbà. Ìdájọ́ ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi ire, ibi, àbámọ̀, ìnira, ewu, àti "kò sí ẹ̀bi". Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù. "Kò sí ẹ̀bi" kì í ṣe ìyìn. Ohun tó ń sọ ni pé bí ẹ bá ṣe ohun tí àwòrán náà ń ṣe, a kò ní bá yín wí. Bákan náà ni ewu kì í ṣe ibi: ẹni tí a sọ ewu fún ṣì láyè láti ṣọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé obìnrin aránṣọ kan béèrè ohun tó yẹ kí òun ṣe sí ṣọ́ọ̀bù òun tí oníbàárà kò wá mọ́. Nọ́ńbà rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, jẹ́ 8, 7, 9, 6, 7, 8. Àmì 48 nìyẹn, Jing, tó túmọ̀ sí Kànga. Ìlà kẹta àti ìkẹrin ló yí, wọ́n sì sọ ọ́ di àmì 47, tí orúkọ tirẹ̀ náà ń jẹ́ Kun létí wa, ṣùgbọ́n tó jẹ́ Ìhámọ́, kì í ṣe Kun ti àmì 2. Bó bá rí orúkọ Ìhámọ́, àyà rẹ̀ á já, á sì máa rò pé ṣọ́ọ̀bù náà ti kú. Òfin kò rán an lọ síbẹ̀. Ìlà méjì ló yí, nítorí náà inú Kànga ló yẹ kí ó wà.

Ìlà kẹta sọ pé a ti kó ẹrẹ̀ inú kànga kúrò, síbẹ̀ a kò mu omi rẹ̀, ó sì ń dun ọkàn. Omi náà ṣeé fà, bí ọba bá lóye, gbogbo ènìyàn ni yóò jàǹfààní. Ìlà kẹrin, tó jẹ́ olórí, sọ pé a ń fi bíríkì tẹ́ inú kànga, kò sí ẹ̀bi. Tí a bá kà wọ́n pọ̀, ti ìsàlẹ̀ ń jẹ́rìí sí ìbànújẹ́ rẹ̀: iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, àwọn ènìyàn ni kò wá. Ti òkè ń sọ ohun tó kàn: àkókò àtúnṣe nìyí, kì í ṣe àkókò ìpolówó. Kí ó tún ẹ̀rọ ṣe, kí ó kọ́ ọmọ iṣẹ́, kí ó tún inú ṣọ́ọ̀bù tò, kí ó má sì retí pé ẹnikẹ́ni á yìn ín nígbà tó ń tẹ́ bíríkì, nítorí "kò sí ẹ̀bi" ni wọ́n sọ, wọn kò sọ "ire".

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi àmì kejì sí ipò rẹ̀

Nígbà tí ìlà kan tàbí méjì bá yí, àmì kejì jẹ́ ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ìlà dúró lé, kì í ṣe ìdájọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń kà á gẹ́gẹ́ bí ibi tí ọ̀nà náà forí lé, èmi náà sì máa ń wò ó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo bá ti parí ti ìlà ni. Nínú ti aránṣọ wa, ọ̀rọ̀ àmì 47 ní gbólóhùn kan tó sọ pé ènìyàn sọ̀rọ̀, wọn kò gbà á gbọ́. Ìyẹn bá ìmọ̀ràn ìlà kẹrin mu: ẹnu kọ́ ni yóò pe oníbàárà padà ní àsìkò yìí. Bí àmì kejì bá ta ko ọ̀rọ̀ ìlà pátápátá, ọ̀rọ̀ ìlà ni kí ẹ dì mú.

Ẹ ó tún pàdé àwọn tí kì í tẹ̀ lé Zhu Xi. Gao Heng, ọ̀mọ̀wé ọ̀rúndún ogún ní Ṣáínà, ń yọ àpapọ̀ nọ́ńbà ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò nínú 55, ó sì ń fi èyí tó kù ka ìlà lọ sókè àti padà sísàlẹ̀ títí yóò fi dé ìlà tó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Àwọn mìíràn ń ka gbogbo ìlà tó bá yí láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ìtàn tó ń tẹ̀ síwájú. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ yàn án kí ẹ tó ju owó, torí pé ẹni tó bá ń pààrọ̀ òfin lẹ́yìn tó ti rí ìdáhùn ti di akọ̀wé Mu Jiang.

Ẹ má ṣe dá ọ̀ràn kan náà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ti àkọ́kọ́ korò. Ọ̀rọ̀ àmì 4, Meng, sọ ọ́ láìfi bò pé òun máa ń dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta ń ṣe àfojúdi, òun kò sì ní dá a lóhùn. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ ọjọ́, ìbéèrè bí ẹ ṣe béèrè rẹ̀ gan-an, àti nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bó bá jẹ́ àwòrán àmì àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ yà, tí ẹ bá ṣí ìwé náà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 7 àti 9 á ti di ohun kan náà lójú yín, ẹ kò sì ní mọ ìlà tó sọ̀rọ̀ mọ́.